Ẹni Tó Sọ Pé Iyọ̀ Pọ̀ Jù

Alápatà gbé ọ̀bẹ ńlá sókè láti la egungun itan màlúù sí méjì, ló bá rí ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó gbé àpótí irin mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ọ̀bẹ náà dúró lókè. Ẹ̀wù ọkùnrin náà funfun nini, áyọ́ọ̀nù sì ti jẹ ẹ́ débi pé bí eṣinṣin bá bà lé e, yóò yọ̀ ṣubú.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ó wí. "Ìjọba ló rán mi. Mo wá yẹ òṣùwọ̀n yín wò."

Obìnrin tó ń ta ẹran ni Alápatà, kò sì sẹ́ni tó tún ń pè é ní orúkọ mìíràn láti ọdún mẹ́jọ tó ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Àwọn oníbàárà máa ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti òdìkejì títì, wọ́n sì mọ ìbínú rẹ̀ náà. Ó rọra gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. Gbogbo ọlọ́jà àdúgbò ló mọ ọkùnrin yìí. Kòpé ni wọ́n ń pè é, torí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ bó bá ti gbé irin rẹ̀ lé òṣùwọ̀n èèyàn: "Kò pé." Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti òṣùwọ̀n ẹlẹ́ja pa, tẹlẹ́ja tariwo rẹ̀.

Kòpé gbé irin kan lé òṣùwọ̀n. Ó wò ó. Ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà. Ó họ orí.

"Ẹ sọ ọ́," Alápatà wí, ọwọ́ ti wà ní ìbàdí. "Ẹ sọ pé olè ni mí, kí n gbọ́."

"Rárá o, mà. Bí ẹnì kan bá ra kílò kan lọ́wọ́ yín, kílò kan àti ẹ̀kúnwọ́ ẹran lẹ̀ ń gbé fún un. Ara yín lẹ̀ ń rẹ́ jẹ."

Ẹnu Alápatà là sílẹ̀. Ó wo àwọn oníbàárà tó tò síwájú rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń wo àjà. Ìyá kan tó ti ń ra ẹran níbẹ̀ láti ọdún mélòó kan fi ẹran tiẹ̀ há abíyá, ó sì yọ́ jáde bí ẹni tí kò sí níbẹ̀ rí.

"Yéè! Ẹ gbà mí o!" Alápatà pariwo. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ìbùkún wà nínú ẹran mi! Ṣé ìbùkún ọ̀hún nìyí?" Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di fìríìjì mú kó má baà ṣubú.

Ẹnu ya Kòpé. Láti ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, wọ́n ti ṣépè fún un, wọ́n ti ju tòmátì lù ú, àmọ́ kò tíì sọ àbùkù ẹnì kan fún un kí onítọ̀hún rẹ́rìn-ín rí. Ó dúró, ó ń wo Alápatà, títí oníbàárà kan fi bi í bóyá òun náà ló fẹ́ wọ̀n.

Ọjọ́ kẹta ló padà wá láti fi èdìdì sí òṣùwọ̀n tí wọ́n ti tún ṣe. Nígbà tó parí, kò lọ. Ó ń wo ẹran.

"Ẹ gé díẹ̀ fún mi, mà."

"Fún èèyàn mélòó?"

"Èmi nìkan."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe sí i?"

"Màá bọ̀ ọ́."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Màá jẹ ẹ́."

Alápatà pàtẹ́wọ́. "Ẹran tí mo fi ọwọ́ ara mi gé! Bíbọ̀ lásán, bí aṣọ ìdọ̀tí? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ó fa bébà tí wọ́n fi ń pọ́n ẹran yọ, ó sì kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sí i lára: àlùbọ́sà ṣáájú, iná kékeré, má kánjú, ata, tòmátì, síbí iyọ̀ mẹ́ta, bo ìkòkò kó o sì fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì, Kòpé padà wá jíhìn bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. "Àlùbọ́sà jó."

"Mo ní iná kékeré!"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ló ń wá, tó ń ra ẹran tí kò ju ẹnu ológbò lọ, tó sì ń jíhìn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó gbé abọ́ kékeré kan wá, ó gbé e lé orí káńtà. Alápatà tọ́ ọ wò. Ó rọ̀, ó lóòórùn, ó wọ ara.

"Ta ló se èyí?"

"Èmi ni. Àmọ́ síbí iyọ̀ kan ni mo fi sí i. Mẹ́ta tẹ́ ẹ kọ yẹn ti pọ̀ jù."

"Kí lo mọ̀ nípa iyọ̀, ìwọ tó ń bọ ẹran bí aṣọ?" Alápatà fi ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ó kíyè sí i pé òun ò pè é ní "ẹ" mọ́. Kòpé náà kíyè sí i. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín yẹn sì ba gbogbo ọjọ́ náà jẹ́ fún Alápatà, torí pé ẹni tó bèèrè ẹ̀dọ̀, ó gé pátákò fún un.

Ọjọ́ kan ni Kòpé sọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ló ti dàgbà. "Wọ́n á lu agogo, a óò jókòó. Wọ́n á tún lu ú, a óò dìde. Ẹni bá sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, wọ́n á gba àwo rẹ̀. Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, èmi nìkan ni mo ń gbé. Mi ò tíì jẹun nídìí tábìlì táwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ rí."

"Rí?"

"Rí."

Alápatà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó gbàgbé pé ẹ̀jẹ̀ ẹran wà lọ́wọ́ òun. "Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí, ilé wa lo ti máa jẹun," ó wí. "Mi ò fẹ́ gbọ́ àwáwí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí tábìlì yẹn ṣe rí. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Alápatà fi dáná ní ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ Àìkú, ìyàwó rẹ̀ ló máa ń dáná nílé, obìnrin náà kì í sì í jẹ́ kó fọwọ́ kan ìkòkò. Ọdún méjì sẹ́yìn ni ìyàwó náà kú. Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n sin ín, Bàbá so aṣọ ìdáná mọ́ ìdí, ó ní tábìlì ìyàwó òun kò ní ṣófo. Àtìgbà náà, kò sí ọjọ́ Àìkú tí Alápatà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n àti ọmọ wọn obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà kì í jókòó síbẹ̀. Ohun tó gbé Bàbá ró nìyẹn. Láti ọjọ́ Ajé ló ti máa ń ronú ohun tó fẹ́ sè.

Kòpé gbé ọsàn dání wọlé, ó jókòó sí ṣóńṣó àga bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Kò pẹ́ tí ọmọ kékeré náà fi gun orí itan rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo ti òṣùwọ̀n ẹlẹ́ja yẹn pa?" ẹ̀gbọ́n bi í. "Ọlọ́run á bù kún ẹ! Ọjọ́ wo ni wàá yẹ orí ìyàwó mi wò fún mi?"

"Tiẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò," ìyàwó rẹ̀ dáhùn, "bí yóò bá rí nǹkan kan níbẹ̀."

Ilé hó fún ẹ̀rín. Kòpé ń wò láti ẹnu dé ẹnu, bí ẹni tí kò fẹ́ kí nǹkan kan ṣẹ́ kù. Alápatà rí i pé omi ti gbà á lójú, oúnjẹ ò sì tíì dé.

Bàbá gbé ìkòkò wọlé, ọbẹ̀ ẹran pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì àti ọ̀dùnkún, ooru ń rú lórí rẹ̀. Àlejò ló kọ́kọ́ bù fún.

"Bàbá, ó dùn!" ẹ̀gbọ́n wí, kó tiẹ̀ tó gbé síbí dé ẹnu.

"Kò lẹ́gbẹ́," Alápatà wí.

Kòpé gbé síbí kan mì. Ojú rẹ̀ yọ síta. Ó mu omi ife kan, ó mu ìkejì. Ó wo ìkòkò, ó wo àwọn tó ń jẹun, ó wo ọmọ tó wà lórí itan rẹ̀ tó ti ń mu omi ife kẹta.

"Bàbá," ó rọra wí, bó ṣe máa ń bá àwọn ọlọ́jà sọ̀rọ̀, "ẹ dákun, iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ yìí."

Háà! Síbí ẹ̀gbọ́n dúró lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, òótọ́ ló sọ. Ọdún méjì ni wọ́n ti ń jẹ iyọ̀ nínú ilé yẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Bàbá dáná, ọ̀fọ̀ ṣì wà lára gbogbo wọn, ta ló fẹ́ sọ pé ọbẹ̀ ò dáa? Wọ́n ní ó dùn. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n tún ní ó dùn, ó sì di pé ẹnu ò gbà á mọ́. Alápatà ì bá kìlọ̀ fún Kòpé. Kì í ṣe pé ó fẹ́ dán an wò. Ó gbàgbé ni! Iyọ̀ náà ti mọ́ ọn lára débi pé ó gbàgbé pé nǹkan kan wà tó yẹ kéèyàn kìlọ̀ rẹ̀.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò gbọ́ nǹkan tí àlejò yín sọ?" Ó yíjú sí ọmọkùnrin rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tẹ orí mọ́ àwo. Ó yíjú sí ọmọbìnrin rẹ̀. "Alápatà?" Alápatà ń ti kárọ́ọ̀tì kiri nínú àwo rẹ̀. Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ síwájú ọmọ kékeré. "Ìwọ, ọ̀rẹ́ mi, ṣé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ Bàbá àgbà?"

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀. "Mọ́mì ní ká má sọ."

Bí ẹni pé wọ́n gbá arúgbó náà létí. Ó nàró. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Láti ìgbà wo?" Ó tú aṣọ ìdáná, ó ká a sí mẹ́rin, ó gbé e lé àga tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sí, ó sì wọ yàrá. Wọ́n gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí.

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," ẹ̀gbọ́n wí fún Kòpé. "Kí ni wọ́n ṣe fún ẹ níbí?"

Alápatà ti fa Kòpé jáde sí ẹ̀yìnkùlé. "Kí ló dé tó ò lè gbé e mì?"

"Mo rò pé ẹ ò mọ̀ ni." Kòpé ń wò ó bí ẹni rí iwin. "Gbogbo yín mọ̀? Ọdún méjì?"

"Bàbá mi ni! Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń mú inú rẹ̀ dùn nìyẹn, o sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀!"

"Mi ò mọ̀ pé..."

"O ò mọ̀! Èmi ni mo mú ẹ wá. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi mú ẹ wọlé." Omijé ti bo ojú rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń bà jẹ́ pé ó ṣì fẹ́ràn ọkùnrin náà bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn. "Títí Bàbá mi á fi tún dáná nínú ilé yìí, mi ò fẹ́ rí ẹ mọ́. Ṣó o gbọ́?"

Kòpé ní òun gbọ́. Ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ.

Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta kọjá láìsí iná nílé. Ẹ̀gbọ́n wá, ó bẹ̀bẹ̀, Bàbá ní kò sí nǹkan, pé ó rẹ òun ni. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tó dun Alápatà jù ni ìgbà tó sọ pé, "Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n máa ń ní oúnjẹ mi dùn. Mo wá ń rò ó, bóyá àwọn náà ń ṣàánú mi ni." Alápatà ń gé ẹran, ó ń sunkún. Ó mọ̀ dájú pé bí Bàbá ò bá padà sídìí iná, ìdílé àwọn ti tú nìyẹn, òun náà ò sì ní lè fẹ́ ọkùnrin tó tú u ká.

Lọ́jọ́rú kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ onídìrí ní kó wá jẹun ọ̀sán. Ìrẹsì ni, àti ẹ̀wà. Alápatà jẹ ẹ́, ó nawọ́ mú iyọ̀. Ó jẹ ẹ́, ó tún nawọ́. Nígbà kẹta, ọ̀rẹ́ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọ̀rẹ́, ó tó."

"Oúnjẹ ẹ ò níyọ̀ ni, jàre."

"Oúnjẹ mi níyọ̀. Ìwọ ni." Onídìrí sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Ẹran dídín tó o gbé wá fún wa nígbà ọjọ́ ìbí mi, ṣó o rántí? Kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́. Ajá la gbé e fún. Ajá ò jẹ ẹ́."

Alápatà gbé síbí kalẹ̀. "Ẹ ní ó dùn. Gbogbo yín lẹ ní ó dùn!"

"A fẹ́ràn ẹ ni."

Mo ní kí ẹ wo ọ̀rọ̀! Ó dà bí ẹni pé wọ́n da omi tútù sí i láti orí dé ẹsẹ̀. Gbogbo ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, gbogbo àtẹ́wọ́, ló ń padà bọ̀ sí i lọ́kàn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́ nínú wọn. Ohun tí àwọn ṣe fún Bàbá gan-an rèé. Ó rántí ọkùnrin kan tó dúró níwájú káńtà rẹ̀, tó wo ojú rẹ̀, tó ní síbí iyọ̀ mẹ́ta ti pọ̀ jù. Nínú gbogbo ayé, ẹnì kan ṣoṣo ló sọ fún un, òun ló sì lé dà nù.

Kò padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gba ilé lọ, ó fẹ́ lọ bẹ Bàbá, kó jẹ́wọ́ fún un láìfi nǹkan kan bò. Bó ṣe kù díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà, òórùn àlùbọ́sà tó ń dín lórí iná kékeré gbá a nímú. Ta ló wà nínú kíṣìnnì wa?

Ó tẹ̀ jẹ́jẹ́ wọlé, ó yọjú. Bàbá rèé, aṣọ ìdáná nídìí. Kòpé rèé, ó ká apá ẹ̀wù funfun sókè, ó gbé síbí sẹ́nu, ó dijú.

"Kí ló sọ?" Bàbá bi í.

"Àlùbọ́sà ló kọ́kọ́ dé. Ó dùn, kò korò. Tòmátì ṣì ń kan díẹ̀."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Iyọ̀ ńkọ́?"

"Ó kù ìwọ̀n tí ìka mẹ́ta lè mú."

Bàbá fi ìka mẹ́ta bu iyọ̀, ó fọ́n ọn yí ìkòkò ká, ojú rẹ̀ tàn bíi ti ọ̀dọ́mọkùnrin.

"Yéè!" ni Alápatà ké. Síbí bọ́ lọ́wọ́ Kòpé.

"Mo ní ká ti ilẹ̀kùn," Bàbá wí fún Kòpé. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ yẹn ló ti wá. Mo ní kó máa lọ. Ó tún wá, mo tún ní kó máa lọ. Lọ́jọ́ kẹta mo bi í pé kí ló ń wá gan-an. Ó ní òun ló ba nǹkan jẹ́, òun ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ba nǹkan jẹ́ kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ. Mo wá ní kó jókòó, pé kẹ́nikẹ́ni nínú yín má mọ̀ títí màá fi tún lè se ọbẹ̀." Ó nu ọwọ́. "Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ṣé o rántí òtútù tó mú mi lọ́sẹ̀ tá a sin ìyá yín? Òun ló pa imú àti ahọ́n mi. Wọ́n ní irú òtútù bẹ́ẹ̀ máa ń pa méjèèjì nígbà mìíràn."

"Ẹ ò gbọ́ adùn kankan, Bàbá? Láti ọdún méjì?"

"Mo rò pé ìbànújẹ́ ni. Mo rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn bí ìyàwó ẹni bá kú, pé gbogbo nǹkan á kàn tẹ́ lẹ́nu."

Alápatà dì mọ́ ọn, ó sunkún bí ọmọ kékeré. "Ẹ foríjì wá, Bàbá. A purọ́ fún yín."

"Ẹ purọ́ fún mi," Bàbá wí, ó ń yọ èèpo àlùbọ́sà kúrò lára irun ọmọ rẹ̀. "Iyọ̀ ò dùn mí. Irọ́ yẹn ló dùn mí. A óò sọ ọ́ ní Sọ́ńdè, nígbà tí gbogbo wa bá pé."

Ní ẹ̀yìnkùlé, Alápatà kojú Kòpé. "Ó mà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó o ti ń wọ ilé yìí!"

"O ní o ò fẹ́ rí mi. Ìgbà tó o bá wà ní ṣọ́ọ̀bù ni mò ń wá. O ò rí mi."

Alápatà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó fi orí gbá a láyà. "Orí kunkun," ó wí. "Orí kunkun mi. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

"Mi ò bínú," Kòpé dáhùn. "Ó dùn mí gan-an, ṣá."

Lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo wọn pé. Ẹ̀gbọ́n rí Kòpé lórí àga, ó fẹ́ padà sẹ́yìn, Bàbá sì nawọ́ sí i pé kó jókòó. Ìkòkò wà láàárín tábìlì, ìdérí wà lórí rẹ̀.

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a," Bàbá wí. "Kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbé síbí, kí olúkúlùkù sọ òótọ́ kan tó ti gbé mì nídìí tábìlì yìí."

Wọ́n wo ara wọn. "Èmi ò fẹ́ràn kárọ́ọ̀tì," ọmọ kékeré wí kíá. Ẹ̀rín sọ. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru," ó wí. "Dókítà ti ní kí n jáwọ́ nínú iyọ̀ láti oṣù mẹ́fà."

Ìyàwó rẹ̀ fò dìde. "Oṣù mẹ́fà? Ìwọ? O ò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ fún ẹ, o ò ní jẹ́ kí n wá mọ́. Bí mi ò bá sì wá, Bàbá á fẹ́ mọ ìdí."

Bàbá di etí tábìlì mú. "Ò ń pa ara rẹ nítorí ọbẹ̀ mi?" Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ kọjá àwọn àwo, ó di ọwọ́ Kòpé mú gírígírí.

"Ó kàn mí," Bàbá wí. Ó jókòó. "Ìyá yín ò mọ ọbẹ̀ sè."

"Bàbá!" Gbogbo wọn pariwo pa pọ̀. Ọbẹ̀ ìyá wọn! Ọbẹ̀ tí wọ́n ń fi búra!

"Ọjọ́ kejì ìgbéyàwó wa ló kọ́kọ́ se é. Ẹyin lè léfòó lórí iyọ̀ rẹ̀. Èmi tí mò ń fi oúnjẹ ṣiṣẹ́ jẹ! Mo wo ojú rẹ̀, ó ń retí ohun tí màá sọ. Mo ní ó dùn. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Orí iyọ̀ yẹn la bí yín sí, ẹ ò mọ òmíràn. Ẹ wá rí i pé èmi ni mo kọ́ ilé yìí nírọ́." Ó wo àga ìyàwó rẹ̀. "Nígbà tó kú, mi ò fẹ́ se ọbẹ̀ tèmi. Tiẹ̀ ni mo fẹ́ sè. Mo mọ̀ pé iyọ̀ ni. Mo bù ú sí i, mo tọ́ ọ wò, mi ò rí i. Mo tún bù ú sí i. Gbogbo ọdún méjì yìí, iyọ̀ ni mo fi ń wá a."

Alápatà ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀, irọ́ sì ni gbogbo rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ẹnì kan. Ó wá yíjú sí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ. Ká ní èmi ni mo gbé irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ síwájú ẹ, kí lo máa ṣe?"

Kòpé ronú sí i. Ẹ mọ̀ ọ́n, kì í kánjú dáhùn. "Màá sọ fún ẹ lọ́jọ́ kìíní."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Màá jẹ ẹ́ tán."

Alápatà nu ojú. "Fẹ́ mi, nígbà náà," ó wí.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ké yéè. Ẹ̀gbọ́n lu tábìlì débi pé omi dà. Kòpé tí gbogbo ọjà ń sá fún ẹnu rẹ̀, ẹnu ọ̀hún kàn ṣí sílẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ kan ò jáde. Ó wo Alápatà, ó wo gbogbo wọn tí wọ́n ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà nídìí oúnjẹ, omijé sì ń ṣàn wọ ọrùn ẹ̀wù tó lọ̀ dáadáa yẹn.

"Dá a lóhùn," Bàbá wí. "Ọbẹ̀ ń tutù."

"Mo fẹ́," Kòpé wí. "Mo fẹ́, mo fẹ́."

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣègbéyàwó, nínú ilé yẹn gan-an, tábìlì méjì tí wọ́n so pọ̀. Bàbá se ìkòkò ńlá kan fún àlejò, Kòpé sì fi aṣọ ọkọ ìyàwó dúró tì í, ó ń tọ́ ọ wò fún un. Onídìrí jẹ àwo mẹ́ta, ó ní òun ò purọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Nígbà tí àwọn àlejò ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, Bàbá pe àwọn tiẹ̀ wọ kíṣìnnì. Ìkòkò kékeré kan wà lórí sítóòfù. Kò sọ ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Ó bu síbí kan fún Alápatà, ọ̀kan fún Kòpé. Ti ẹ̀gbọ́n, ṣóńṣó síbí lásán ni. Ó bu tiẹ̀ kẹ́yìn, òun tí kò lè gbọ́ adùn rẹ̀. Wọ́n dijú, wọ́n gbé e mì pa pọ̀, ó rin wọ́n lẹ́nu, ó jó wọn lọ́nà ọ̀fun, ìyá wọn sì wà níbẹ̀ pátápátá. Omi gba ojú gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó dùn.